Chari Maigumeri: Jagunjagun Tó Gba Mẹ́dà Lọ́wọ́ Jámánì àti Lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì

 

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ sí Àbújá lẹ́yìn ìsinmi tó kọjá, mo fi nǹkan kan pamọ́ sínú àpótí mi, láàárín gàrí àti súgà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Mẹ́dà mẹ́ta ni wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù so rọ̀ sára rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi àgbà ló ni ín, àwọn tí wọ́n lọ ja ogun Bọ́má. Bàbá àgbà gbà kí n mú un wá fún ẹgbẹ́ wa, àmọ́ wọ́n kìlọ̀ fún mi pé tó bá sọnù, kí n má wulẹ̀ wálé.

Ẹ̀yin náà rántí ìpàdé wa ọjọ́ náà. Bí mo ṣe gbé e jáde báyìí, ọ̀kan nínú yín béèrè ohun tó fi hàn pé ti bàbá wa ni lóòótọ́. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, n kò rí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní bóyá ọjà ni wọ́n ti rà á. Ká má purọ́, ó dùn mí. Olùkọ́ ìtàn wa ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó yé mi pé mẹ́dà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín fún àwọn ọmọ ogun wa lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945 kì í ní orúkọ lára. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Níbi tí mo ti ń kọ́ ọ ni mo ti pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín yìí.

Àwọn tó ń kó mẹ́dà àtijọ́ jọ kì í wo ẹyọ kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe tò ó sórí irin ni wọ́n ń wò, torí pé ètò wà níbẹ̀. Ti ìgboyà ló máa ń ṣáájú, ti ojú ogun á tẹ̀ lé e. Tiwa yìí, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà méjì ló ṣáájú, mẹ́dà róbótó kan ló kẹ́yìn. Ríbọ́ọ̀nù ìràwọ̀ kejì pupa láàárín, búlúù dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà aláwọ̀ ọsàn sì wà nínú búlúù náà. Ti Bọ́má nìyẹn. Kò dárúkọ bàbá, àmọ́ ó sọ ibi tí bàbá dé.

Ti àwọn Jámánì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó lókìkí jù nínú mẹ́dà wọn ni Àgbélébùú Onírin, tí Friedrich Wilhelm Kẹta, ọba Prussia, dá sílẹ̀ ní 1813. Irin dúdú ló wà láàárín rẹ̀, fàdákà ló yí i ká. Bí o bá gbé mágnẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, ó yẹ kó fà á. Bí kò bá fà á, kí o fura. Èyí tí wọ́n ṣe fún ogun 1914 ní adé àti lẹ́tà W lára, ọdún 1914 sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù ẹni tó lọ sójú ogun dúdú, ìlà funfun kọ̀ọ̀kan sì wà nítòsí etí rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n pín nínú ogun yẹn, torí náà ẹyọ kan kò lè sọ ẹni tó ni ín. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ṣe ni pé wọ́n á wo gbogbo mẹ́dà tó wà lórí irin kan náà, wọ́n á wá fi wé ìwé tí wọ́n máa ń tẹ̀ jáde ní Jámánì, èyí tí orúkọ àwọn ọ̀gágun àti mẹ́dà tí wọ́n gbà wà nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ṣoṣo ló máa bá a mu. Àmọ́ ọ̀gágun ni ìwé yẹn wà fún. Ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Kò sí níbẹ̀.

Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ni Chari Maigumeri. Ọmọ Kànúrí ni, láti Borno. Maigumeri tó ń jẹ́ yẹn, orúkọ ìlú ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Òkè Ọya sílẹ̀ láyé ìgbà náà nìyẹn: orúkọ rẹ, kí orúkọ ìlú rẹ tẹ̀ lé e. Kó tó dàgbà, àwọn Òyìnbó ti pín ilẹ̀ Borno mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ẹni pín àkàrà. Gẹ̀ẹ́sì mú apá tó pọ̀, Jámánì mú Dikwa kún Kamẹrúùnù, Faransé náà mú tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí èyí yé òun, kó rántí Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Ẹbí kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Chari ti wọ iṣẹ́ ológun Jámánì ní Kamẹrúùnù. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 1914, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbéra láti Nàìjíríà, wọ́n kọlu Garua, ìlú tó wà létí odò Benue. Jámánì lé wọn padà, ọ̀gá tó kó wọn wá pàápàá kú síbẹ̀. Ìgboyà tí Chari fi hàn ní Garua ni Jámánì wò tí wọ́n fi fún un ní Àgbélébùú Onírin. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká ro ohun tí mo sọ yìí dáadáa. Ọmọ ilẹ̀ wa ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n lé padà lọ́jọ́ náà.

Gẹ̀ẹ́sì tún padà lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1915, Garua túúbá. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ Chari náà nínú ogun Kamẹrúùnù yẹn. Nígbà tó di 1917, ó wọ aṣọ ológun Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe é débi pé ní 1928, wọ́n fi í jẹ sájẹ́ǹtì méjọ̀ àgbà, ipò tó ga jù tí aláwọ̀ dúdú lè dé nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, ó ti dàgbà, síbẹ̀ ó tún gbéra. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gba Keníyà wọ Sómálíà, wọ́n gba Mogadishu lọ́wọ́ àwọn Ítálì ní oṣù Kejì 1941, wọ́n dé Harar ní oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, Addis Ababa bọ́. Ogun Ítálì yìí ni Chari ti gba Military Medal. Mẹ́dà yìí kò dà bíi ti bàbá wa o: wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbà á sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọjá sí Bọ́má, níbi tí bàbá tiwa náà ti jà, ó sì gba British Empire Medal. Ní 1953, lẹ́yìn ọdún 36, ó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fún un ní oyè kápútéènì. Oyè ẹ̀yẹ ni o. Ìgbà tó ń lọ sílé ni wọ́n tó rántí pé ó tó ọ̀gágun.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní yàrá wa, sẹ́níọ̀ mi kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni ọkùnrin náà, pé ẹni tó bá jẹun nídìí Jámánì kò yẹ kó tún lọ jẹun nídìí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíì ní kì í tilẹ̀ í ṣe Yorùbá, kí ló kan ẹgbẹ́ wa? Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. N kò lè sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Garua dára, torí àwọn tó kú síbẹ̀ ní ìyá nílé. Àmọ́ ta ni Chari dà? Òun kọ́ ló pín Borno. Òun kọ́ ló pe ogun. Àwọn ọba Òyìnbó méjì ló ń jà, ọmọ wa ni wọ́n sì fi ń jà á. Bàbá tó bí bàbá mi àgbà náà, kí ni àwọn ará ibi tí wọ́n ti lọ jà ní Bọ́má ṣe fún wọn ní Ìsẹ́yìn?

Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Bí ẹnì kan bá gbé irin kan wá sí ọjà lónìí, tí Àgbélébùú Onírin Jámánì àti Military Medal Gẹ̀ẹ́sì jọ wà lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ mẹ́dà á ní ayédèrú ni, pé ẹnì kan kò lè gba ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ọ̀tá méjì. Chari gbà á. Ẹni tó fúnni ni mẹ́dà ń sọ. Irú èèyàn tí ẹni tó gbà á jẹ́, àwa la máa sọ ọ́. Tá ò bá sọ ọ́, irin lásán ni.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja bọ̀ wá síléèwé, bárékè àwọn ológun kan wà ní ìlú yẹn tó ń jẹ́ Chari Maigumeri. Mo ti kọjá ní Lọ́kọ́ja láìmọye ìgbà, n kò bi ara mi rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Odò Benue tó gba ẹ̀gbẹ́ Garua kọjá, Lọ́kọ́ja yìí kan náà ló ti wá pàdé Ọya.

Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ béèrè ohun tó wà nínú àpótí àwọn àgbà. Tí ẹ bá rí mẹ́dà, ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́, ẹ má tú u kúrò lórí irin rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tò ó ni ìtàn rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ni ín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó lọ. Èmi ti kọ orúkọ bàbá wa sínú ìwé, mo sì ti ká a mọ́ mẹ́dà náà nínú agolo. Ẹni tó bá tún bi mí ní ìpàdé, mo ní èsì.