Ìtàn Ìgbésí Ayé Amos Tútùọlá, Mẹ́séńjà Ìjọba Tí Ó Di Òǹkọ̀wé

Ẹni tí a ó ka ìtàn rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta yìí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe olóṣèlú. Amos Tútùọlá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n ìlú Ìbàdàn wa níbí ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí. Odò-Ọnà ni ilé rẹ̀ wà.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn rẹ̀ wá ni ti àwọn ọmọ wa tí ó jókòó sílé, tí wọ́n ń retí iṣẹ́ ìjọba. Ní àdúgbò wa, láti Àrẹ̀mọ títí dé Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, agbo ilé tí kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ ti parí ẹ̀kọ́, ìwé ẹ̀rí ti wà nínú fáìlì, ó ti lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgodi títí tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ̀ ọ́n. Ìyá ń gbààwẹ̀, bàbá ń kùn. Bí iṣẹ́ kékeré kan bá sì yọjú, àwọn ìyá mìíràn a ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ àwọn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí ná.

ÌBÍ ÀTI ÈWE RẸ̀

A bí Amos Tútùọlá ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹfà ọdún 1920. Charles ni orúkọ bàbá rẹ̀, Esther Àìná sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ olóko kòkó ni wọ́n, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n pẹ̀lú. Nínú ilé wọn ni ọmọ náà ti ń gbọ́ àlọ́ àti ìtàn àtijọ́, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà máa ń pa fún ọmọ ní alẹ́ nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé àlọ́ wọ̀nyí ni yóò gbé e dé iwájú àwọn ènìyàn ńlá ayé.

Owó ilé ìwé kò sí. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdé, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Monu, kí ó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún un. Dípò kí ọ̀gbẹ́ni yìí máa san owó iṣẹ́ fún un, ó fi í sí ilé ìwé àwọn Ọmọ Ogun Ìgbàlà ní Abẹ́òkúta ní 1934. Báyìí ni ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ ìwé, tí ó ń ṣiṣẹ́ ilé ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ń lọ sí ilé ìwé láàárín. Orí rẹ̀ pé, ó sì ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kó lọ sí Èkó, ó bá a lọ, ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ obìnrin kan nínú ilé náà, ni ó bá padà sí Abẹ́òkúta, ó sì tún wọ ilé ìwé mìíràn níbẹ̀.

Ní 1939 bàbá rẹ̀ kú. Kò sí ẹni tí yóò san owó ilé ìwé mọ́. Gbogbo ọdún tí ó fi kàwé kò ju bíi mẹ́fà lọ. Ó gbìyànjú láti dáko, oko náà kò ṣe dáadáa. Ní 1940 ó tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan lọ sí Èkó láti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ó sì mú kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní Èkó ní 1942, tí ó ń rọ bàbà fún wọn títí ogun fi parí ní 1945.

ÌDÚRÓ DE IṢẸ́

Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ náà parí. Èrò ọkàn Tútùọlá ni láti dá ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n kò rí owó tí yóò fi ra irinṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ yìí, nítorí a ó padà sí i.

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wá iṣẹ́ kiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni ó ń ti Burma àti ibòmíràn bọ̀ wálé nígbà náà, gbogbo wọn ni ó sì ń wá iṣẹ́. Ọjà gbówó lórí. Ní ọdún 1945 kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dáṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà fún ohun tí ó lé ní oṣù kan, nítorí pé owó oṣù wọn kò tó jẹun mọ́. Bí ẹni tí ó ní iṣẹ́ bá ń ké pé ebi ń pa òun, kí ni ẹni tí kò ní rárá yóò wí? Ó tó bí ọdún kan gbáko tí Tútùọlá fi wà láìníṣẹ́.

Ẹni tí yóò ṣe akọ̀wé ìjọba ní ìgbà náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí dé àyè kan, Tútùọlá kò sì ní in. Èyí tí ó rí gbà níkẹyìn ni iṣẹ́ mẹ́séńjà ní ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ní Èkó. Lára àwọn iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní ọ́fíìsì ni èyí. Mẹ́séńjà ni yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí yóò máa retí ìgbà tí ọ̀gá yóò pè é. Òun ni yóò gbé fáìlì láti yàrá kan dé èkejì, òun ni wọn yóò rán ní lẹ́tà káàkiri ìlú. Ọkùnrin tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́, tí ó ti bá àwọn ológun ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ni wọ́n wá ń rán bí ọmọdé. Síbẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Ó gba iṣẹ́ náà, ó sì ń ṣe é.

Ní 1947 ó gbé Victoria Àlàkẹ́ níyàwó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, àwa obìnrin. Nígbà tí arábìnrin yìí fẹ́ ẹ, kò lówó, kò lórúkọ, kò sì sí àmì pé yóò di ènìyàn ńlá. Àwọn méjèèjì jọ wọ ilé, wọ́n sì gbé ayé wọn pẹ̀lú owó oṣù kékeré náà.

ORÍ BẸ́ǸṢÌ MẸ́SÉŃJÀ

Iṣẹ́ mẹ́séńjà kò pọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìgbà mìíràn wà tí wákàtí púpọ̀ yóò kọjá láìsí iṣẹ́ tí a ó rán an. Àwọn mìíràn a máa sùn, àwọn mìíràn a máa ṣe òfófó. Tútùọlá mú àjákù ìwé tí ó rí ní ọ́fíìsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn àlọ́ tí ó ti gbọ́ ní kékeré sílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ẹni tí ó lo ọdún mẹ́fà péré ní ilé ìwé.

Ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ, ìtàn ọdẹ kan tí ó bọ́ sí igbó iwin, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní London. Ìwé náà kò jáde nígbà náà. Ọdún 1982 ni a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ti ju kálàmù sílẹ̀. Tútùọlá tún jókòó, ó kọ òmíràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ó kọ ọ́ tán, ó wá fi bí oṣù mẹ́ta tún un kọ, tí ó ń fi kún un. Ìtàn ọ̀mu ẹmu kan ni, tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, tí òun sì wá a lọ títí dé ìlú àwọn òkú.

Ó rí ìpolówó ìwé kan nínú ìwé ìròyìn, ti ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan ní London tí ń tẹ ìwé ìsìn. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Wọn kì í tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n bá a fi lé ilé ìtẹ̀wé ńlá kan tí ń jẹ́ Faber and Faber lọ́wọ́. Ní 1952 ni ìwé náà jáde, The Palm-Wine Drinkard ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ya ojú ìwé kan láti inú ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, kí àwọn tí ń kà á lè rí i bí ó ti rí. Dylan Thomas, akéwì pàtàkì ọmọ ilẹ̀ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn. Ní 1953 a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé.

Nílé ńkọ́? Inú àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ kò dùn. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tọ́, wọ́n ní yóò dójú ti wa lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ń ròkè ní London àti Paris, mẹ́séńjà sì ni ó ṣì ń ṣe ní Èkó, tí ó ń gbé fáìlì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé alẹ́ láti tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe, ó sì kọ ìwé mìíràn, èyí tí ó jáde ní 1954.

ÌGBÀ TÍ Ó WÀ NÍ ÌBÀDÀN

Ní 1956 ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà, ibẹ̀ ni ó ti ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, iṣẹ́ náà ni ó sì gbé e wá sí Ìbàdàn. Ní 1961, nígbà tí a dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní ìlú yìí, ó wà lára wọn. Ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn ọ̀mu ẹmu náà di eré ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Ìtàn tí a gbọ́ ní Yorùbá, tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí bẹ́ǹṣì mẹ́séńjà, padà wá di Yorùbá.

Tútùọlá ń bá iṣẹ́ oṣù rẹ̀ lọ, ó sì ń kọ̀wé lọ. Ní 1979 yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ pè é wá ṣe olùwádìí àlejò, ní 1983 wọ́n pè é lọ sí yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn òǹkọ̀wé ayé. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí tí ó tó ti akọ̀wé ìjọba ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wá pè. Ó kú ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà 1997, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 77.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní: Ẹni tí ń dúró de iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lẹ́rán. Ẹ rántí Jósẹ́fù nínú ẹ̀wọ̀n. Agbọ́tí Fáráò gbàgbé rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, ṣùgbọ́n kò ṣíwọ́ iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́ níbẹ̀.

Èkejì: Kí a má ṣe kẹ́gàn iṣẹ́ kékeré níwájú ọmọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá fi ojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣòro kí ó tó lè fi ọkàn ṣe é. Olúwa wa kọ́ wa nínú Lúùkù orí kẹrìndínlógún pé nínú ohun kíkínní ni a ti ń mọ olóòótọ́. Kì í ṣe gbogbo mẹ́séńjà ni yóò di òǹkọ̀wé, èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ́séńjà ni ó fi owó oṣù wọn tọ́ ọmọ dàgbà, tí wọ́n sì fẹ̀yìntì pẹ̀lú ọlá. Èyí náà tó ìyìn.

Ẹ̀kẹta: Iṣẹ́ kékeré kì í ṣe òpin ọ̀nà. Tútùọlá lọ sí ilé ìwé alẹ́ lẹ́yìn tí ayé ti mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ gbà á níyànjú kí ó máa kàwé sí i.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ tí mo ní a ó padà sí. Bí Tútùọlá bá rí irinṣẹ́ rà ní 1945, kì bá tí jókòó fún ọdún kan. Lónìí, àwọn ìyá kan ń ta aṣọ, wọ́n ń ta góòlù, láti fi owó náà fún ẹni tí ó ní òun mọ ènìyàn ní Sẹkitéríàtì. Owó á lọ, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kò ní wá. Bí ọmọ bá ti kọ́ ìránṣọ tàbí iṣẹ́ iná mànàmáná, ṣé kò sàn kí a fi owó náà ra ẹ̀rọ fún un, kí ó máa ṣe é bí ó ti ń retí ti ìjọba? Mo dá a lábàá pé kí ìdàpọ̀ wa yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní ìpàdé tí ń bọ̀, bóyá a lè yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ láti máa fi yá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kí Olúwa pèsè fún gbogbo ọmọ tí ń wá iṣẹ́ láàárín wa, kí Ó sì fún àwa ìyá wọn ní sùúrù àti ọgbọ́n. Àmín.