Ìtàn Ayé Grete Hermann (1901–1984)

Ẹni tí a mú ìtàn rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n òun náà ṣe àtìpó ní London bíi tiwa.

Ìlú Bremen ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí Grete Hermann ní 1901. Ní Yunifásítì Göttingen, Emmy Noether, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ìṣirò, ni olùkọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò kò wọ́pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n Grete gba tirẹ̀. Ní 1926 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde.

Ohun tó wádìí nìyí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní ideal. Bí ẹgbẹ́ wa ti ní ọmọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ní. Bí a bá ro ọmọ ẹgbẹ́ méjì pọ̀, tàbí tí a sọ ọ̀kan di ọ̀nà mélòó kan, inú ẹgbẹ́ náà ni èsì yóò wà. Ẹ jẹ́ kí á fi 6 àti 10 dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. 14 jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, nítorí pé 6 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 24. Bí a bá yọ 10 kúrò, ó ku 14. Ṣùgbọ́n 15 kò lè wọ̀ ọ́ láé, nítorí kò ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù.

Èyí rọrùn. Bó bá wá di áljẹ́brà, tí x, y àti z wọ ọ̀rọ̀ náà, ènìyàn lè máa wá a kiri láìmọ ìgbà tó yẹ kí ó jáwọ́. Grete fi hàn pé kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, a lè mọ ààlà tí ìwádìí náà kò ní kọjá. Bí a bá dé ibẹ̀ tí a kò rí i, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ààlà náà jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n ó ní òpin.

Hitler gba ìjọba ní 1933. Grete wà lára àwọn tó ń tako ó, nítorí náà ó sá kúrò nílùú ní 1936. Ó kọ́kọ́ lọ sí Denmark, kó tó dé London. Níbí ni ó ti ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Edward Henry, kí ó lè di ọmọ ìlú, kí wọ́n má baà máa fura sí i. Àwa tí a mọ bí àìníwèé ti ń dààmú ènìyàn kò ní dá a lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn ogun ó padà sí Bremen, ó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní 1984. Nígbà tó kọ iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò tíì dé. Ní 1965 Bruno Buchberger, ọmọ Austria, mú ọ̀nà mìíràn jáde tó yá kọ̀ǹpútà lára. Ọ̀nà yẹn ló gbòde lónìí, ṣùgbọ́n Grete ló ti kọ́kọ́ fi hàn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òpin.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá ní ìṣirò ti sú òun, ẹ sọ ìtàn yìí fún un. Ìjọba Hitler lé Grete kúrò nílé, kò rí ohun tó wà ní orí rẹ̀ gbà.