Àjàyí Ọmọ Òṣoógùn, Ẹni tí ó Ṣa Ọ̀rọ̀ Wa Jọ

Ẹni tí ó bá ti kọ́ èdè àjèjì rí mọ̀ pé ìwé kan wà tí kì í jìnnà sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́: èyí tí ó to ọ̀rọ̀ èdè kan sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì fi èdè mìíràn sọ ìtumọ̀ wọn. Ẹni tí ń kọ́ Gíríìkì kò lè ṣe kí ó má ní in. Ẹni tí ń kọ́ Yorùbá náà kò lè ṣe kí ó má ní in. Síbẹ̀, bí mo bá dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther láàárín wa, bíṣọ́ọ̀bù ni gbogbo wa máa ń rántí. Ìtàn bíṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ nílẹ̀. Ìtàn ẹni tí ó ṣa ọ̀rọ̀ jọ ni mo fẹ́ sọ.

Òṣoógùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, wọ́n sì mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Nígbà kan ẹṣin ni wọ́n fi í pààrọ̀. Èkó ni ó bá dé ọwọ́ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ní Sàró, Àkú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, nítorí pé ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún kì í kúrò lẹ́nu wọn. Àlùfáà òyìnbó kan tí ń jẹ́ John Raban ni ó ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní 1825. Raban yìí náà ń kọ ọ̀rọ̀ Àkú sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó sì tẹ ìwé kéékèèké jáde láàárín 1830 sí 1832. Kí Raban tó ṣe é, Hannah Kilham ti fi ọ̀rọ̀ Àkú kún ìwé rẹ̀ ti 1828. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Crowther ni ó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni pé òun kò ní láti bi ẹlòmíràn léèrè kí ó tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń jẹ́.

Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Ó kọ́ Látìn àti Gíríìkì. Ní 1841 ó bá àwọn òyìnbó gun odò Ọya, lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1843 ni ó di àlùfáà, ọdún náà gan-an ni ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jáde. Apá kan jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, apá kejì Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àlàyé gírámà níwájú. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò dáadáa. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni wọ́n mú kúrò nílé. Nígbà tí ìwé yẹn jáde, ó ti lé ní ogún ọdún tí kò fi ojú kan ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ó rántí àti ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí a kó lẹ́rú bíi tirẹ̀ ni ó kọ. Orúkọ tí ó sì fún èdè náà ni Yorùbá. Ọ̀yọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà; Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì kò tíì gbà á fún ara wọn.

Ó dé Àgbádárìgì ní 1845, ó sì dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ibẹ̀ ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo máa ń rò ó pé bí kì í bá ṣe pé ó di èdè náà mú ní Sàró, ògbufọ̀ ni ì bá dúró láàárín wọn.

Ní Abẹ́òkúta ọ̀rọ̀ wá pọ̀ ju ìwé lọ. Bí ó bá ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, àṣà àti ìtàn ni ó máa ń bá ara rẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìwé náà tún jáde ní 1852, ó ti tóbi sí i, ó sì fi òwe ti ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn. Mo gbádùn ẹ̀dà yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àgbà ni à ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní àkókò kan náà òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá Thomas King, ń túmọ̀ Bíbélì. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Gíríìkì ni a fi kọ Májẹ̀mú Titun, ibi tí Yorùbá kò sì ti ní ọ̀rọ̀, Gíríìkì wọlé tọ̀ wá: Kristi, áńgẹ́lì, àpọ́sítélì, baptisi. Ibi tí àwọn Mùsùlùmí ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú, a kò kọ̀ ọ́: wòlíì, àlùfáà, àdúrà, ìwàásù. Ọgbọ́n ni mo ka èyí sí. Ẹni tí ń gbọ́ ọ ní ọjà Abẹ́òkúta kò ní láti kọ́ èdè tuntun kí ó tó mọ ohun tí à ń wí.

Ọ̀kan wà tí n kò lè gbóríyìn fún. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, diabolos, ẹni tí ń fi ẹ̀sùn èké kan ọmọnìkejì ni ó jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èṣù ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Èṣù tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tí ó wà ní oríta, tí ó ń ṣe rere fún ẹni tí ó bá rú ẹbọ tí ó sì ń da ọ̀ràn sílẹ̀ fún ẹni tí kò rú u, ó wá di ọ̀tá Ọlọ́run. Crowther mọ̀ ju èmi lọ nípa ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ ń bọ. Ó yàn án bẹ́ẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí àìmọ̀. Àwọn olùkọ́ wa ṣì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí já ìdè tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn so.

Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ láti ọdún mélòó kan, tí ó fẹ́ fi kún ìwé ti 1852, bá iná náà lọ. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, orúkọ tí ó ti inú Gíríìkì wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju alábòójútó lọ. Iṣẹ́ odò Ọya gbà á lọ́wọ́ ilé. Ó ṣe ìwé gírámà Nupe, ó sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Ìgbò jáde ní 1882. Odindi Bíbélì Yorùbá parí ní 1884. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tako àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ débi pé ó fi ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 1891. Àwọn òwe tí iná jó kò padà wá.