Nikola Tesla àti Ọkọ̀ Tí Kò Ní Atukọ̀

Èéfín ló mú mi kọ ìtàn yìí. Mo ra ẹ̀rọ oníná kan tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì fún ọkọ̀ ojú omi kékeré tí à ń fi rédíò darí. Mo fi abẹ̀bẹ̀ ńlá sí ìdí rẹ̀ kó lè sáré. Kò pẹ́ lórí omi tí ẹ̀rọ náà fi jóná. Níbi tí mo ti ń wádìí ohun tó fà á ni mo ti bá Nikola Tesla pàdé.

Ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1856, ni wọ́n bí i ní abúlé Smiljan, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kroéṣíà lónìí. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun náà di àlùfáà. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ ilé. Nígbà tí àrùn onígbáméjì gbé ọmọ náà dè, tí wọ́n ti ń retí ikú rẹ̀, bàbá ṣèlérí pé bó bá yè, òun yóò jẹ́ kó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó yè.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Graz ní 1875. Lára ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, búrọ́ọ̀ṣì ní láti máa ha ara ohun tó ń yí kí iná tó lè dé inú wáyà. Bó ti ń ha á ló ń ta iná, ló sì ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Tesla ní a lè yọ ọ́ kúrò. Olùkọ́ rẹ̀ ṣàlàyé níwájú gbogbo kíláàsì pé kò lè ṣeé ṣe láéláé. Ó kúrò níbẹ̀ láìgboyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1882, bó ti ń rìn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà kan ní Budapest, ó rí ọ̀nà rẹ̀, ó sì fi igi yà á sórí ilẹ̀: bí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bá ń tẹ̀ lé ara wọn yí irin ká, agbára òòfà fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí, yóò sì máa fa irin inú rẹ̀ lọ. Nǹkan kan kò ní ha nǹkan kan. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1884. Ní 1888 ìjọba ibẹ̀ fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ará Ítálì kan, Galileo Ferraris, dá ronú kan ohun kan náà, èyí kò sì bu Tesla kù lójú tèmi.

Ní 1898, ní Madison Square Garden ní New York, ó gbé ọkọ̀ onírin kékeré kan sórí omi, ó dúró lókèèrè, ó sì ń fi rédíò darí rẹ̀. Bí idán ló rí. Ó gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fòpin sí ogun. Ibẹ̀ ni mo ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bátìrì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná bátìrì ń gbà, ẹ̀rọ aláìníbúrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sì lè lo irú iná bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá méjèèjì kò lè jókòó sínú ọkọ̀ kan. Ìgbà tí transistor dé ní 1947 ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún ohun kékeré tí ń pín iná bátìrì láti wáyà dé wáyà. Òòfà gidi ló wà nínú ẹ̀rọ tèmi, kò rí bíi ti Tesla, ṣùgbọ́n agbára òòfà tó ń yí náà ni wọ́n jọ ń lò.

Ìyípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kan fún volt kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Bátìrì mi jẹ́ volt 11.1, ó di 22,200 nígbà tí kò bá sí ẹrù. Bí abẹ̀bẹ̀ bá tóbi, omi tó ń tì á pọ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa fa iná sí i kí eré rẹ̀ má baà já. Iná náà ló sun ún. Abẹ̀bẹ̀ ńlá ń fẹ́ ẹ̀rọ tí ìyípo rẹ̀ kéré. Èmi yan ẹ̀rọ tán kí n tó ro ti abẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, ọdún 1943, ni Tesla kú nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, lẹ́ni ọdún 86, òun nìkan, pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Mo ti ra ẹ̀rọ mìíràn tí ìyípo rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Abẹ̀bẹ̀ kékeré ni mo fi sí i ná. Bí mo bá fọwọ́ kàn án tí kò gbóná, n óò fi èyí tó tóbi díẹ̀ sí i. Mo ti kọ Tesla sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà.