Ọrẹ Àtinúwá: Ìtàn Ayé J. P. L. Davies

Ẹ̀yin ọmọ Ìsìkàn nílé àti lẹ́yìn odi, ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Èkó ni ó gbé. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kàn wá, nítorí ìtàn ilé-ìwé ni, ìtàn kòkó sì ni pẹ̀lú.

A bí James Pinson Labulo Davies ní ọdún 1828 ní abúlé Bathurst ní ilẹ̀ Sàró. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò-ẹrú. Ó kàwé ní ilé-ìwé girama ìjọ CMS ní Freetown, lẹ́yìn èyí ni ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọkọ̀ Bloodhound ni ó wà nígbà tí wọ́n kọlu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ó sì fara gbọgbẹ́. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, ó sì fi Èkó ṣe ibùgbé ní ọdún 1856. Òwò rẹ̀ gbèrú, ó sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú náà. Ní ọdún 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó, ọmọ Yorùbá tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, ń fẹ́ dá ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní Èkó. Davies mú £50 kalẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n ṣí CMS Grammar School pẹ̀lú ọmọkùnrin 6. Òun ni ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún 1870 sí 1880, òwò Davies dojú rú, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn títí kò fi lè san án mọ́. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ká ní ó ti sọ ní ọdún 1859 pé òun yóò dúró kí ọrọ̀ òun tún pọ̀ sí i kí òun tó ṣe ọrẹ, kí ni ì bá rí fi sílẹ̀? Ọrọ̀ náà lọ, ilé-ìwé náà dúró. Ohun tí ó fi tọrẹ nìkan ni gbèsè kò lè gbà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì. Ó fi àwọn ìjọ Makedóníà ṣe àpẹẹrẹ, àwọn tí ó fi inú dídùn tọrẹ nínú àìní wọn. Ó sì kọ́ wa pé ohun tí ènìyàn ní ni Ọlọ́run fi ń díwọ̀n ọrẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní.

Davies kò jókòó sunkún. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ó gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó. Òwò ni èyí, kì í ṣe ọrẹ; ṣùgbọ́n lára rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ Agége ti rí àpẹẹrẹ, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti òkè wá ṣe lébìrà ní Agége sì gbé ìmọ̀ kòkó padà sí ìlú wọn. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ baba ní ilẹ̀ Àkúrẹ́ fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Davies kú ní oṣù kẹrin ọdún 1906.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹgbẹ́ bá pe owó, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wí pé ó di ìgbà tí òun bá là. Kí a fi tinútinú mú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wá nísinsìnyí. Ọwọ́ tí ń fúnni ni ó ń lékè.