Sheikh Adam Al-Ilori: Òǹkọ̀wé Agége tí ilẹ̀ Íjíbítì dá lọ́lá

Ní ọdún 1989, Hosni Mubarak, tó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Íjíbítì nígbà náà, fi àmì-ẹ̀yẹ ìpele kìíní dá àlùfáà kan lọ́lá nítorí iṣẹ́ ìmọ̀ àti ìwé kíkọ. Àlùfáà náà kì í ṣe ará Káírò, kì í sì í ṣe ará Mẹ́kà. Agége ni wọ́n ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè kọjá, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gba ibẹ̀ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà láràárọ̀. Orúkọ wọn ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, kí Ó sì tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Àwọn ọdún yẹn dára fún àwọn tó ń kọ̀wé. Ní 1986 ni Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel. Ní 1987, Sheikh Abubakar Gumi gba ẹ̀bùn Ọba Faisal ní ilẹ̀ Saudi. Ní 1988, Naguib Mahfouz, ọmọ Íjíbítì, gba Nobel, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé tí ẹ̀bùn náà kàn. Lẹ́yìn èyí ni ti Agége wá dé. Ẹ bi ọmọ yín tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama léèrè lónìí, ti Ṣóyínká ni yóò mọ̀. A kò dá ọmọ náà lẹ́bi o, ohun tí a kò kọ́ ọmọ, kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìlú Wasa, ní ilẹ̀ Dahomey tí a ń pè ní Benin lónìí, ni a ti bí Sheikh Adam ní ọdún 1917. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá wọn, Abdul-Baqi, ibẹ̀ sì ni orúkọ Al-Ilori ti wá. Ọwọ́ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéwú. Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí Ìbàdàn láti wá ìmọ̀ sí i, wọ́n sì tún jókòó sọ́dọ̀ Sheikh Umar Agbaji, ọmọ Ìlọrin, àti Sheikh Adam Namaji, ará Kánò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ bí ilé-kéwú ìgbà yẹn ṣe rí. Wàláà àti tàdáwà, ẹní nílẹ̀, pàṣán lọ́wọ́ àfáà. Kò sí kíláàsì, kò sí àkókò kan pàtó tí ọmọ yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, olúkúlùkù ló ní ibi tó ń kà lórí wàláà tirẹ̀. Àwọn ọlọ́hun-ún-ta jáde níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ńlá náà jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló lo ọdún púpọ̀ tó ka Kùránì já láìgbọ́ ìtumọ̀ ohun tó ń kà, tí kò sì lè fi èdè Lárúbáwá kọ lẹ́tà kan péré. Èyí ni ohun tó ń dun Sheikh Adam. Ní 1946 wọ́n rìnrìn-àjò lọ sí Íjíbítì, wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní Al-Azhar, wọ́n sì mú ohun tí wọ́n rí bọ̀ wálé.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti dá Markaz sílẹ̀ ní 1952. Ní 1955 wọ́n kó o wá sí Agége. Bẹ́ńṣì dípò ẹní, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì dípò wàláà, kíláàsì kan tẹ̀lé òmíràn, ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí. Àwọn àgbà àlùfáà kan kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n rò pé ilé-ìwé òyìnbó ni àfáà yìí fẹ́ fi kéwú ṣe. Lójú tiwa, ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti rí ohun tí ilé-ìwé míṣọ̀n ṣe sí ẹ̀sìn ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí.

Ẹ rántí pé ọdún 1955 kan náà ni ìjọba ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba yẹn ni Ìkẹjà àti Agége wà, kò tíì sí ìpínlẹ̀ Èkó, 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé-ìwé ń ṣí káàkiri, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ti fẹ́ máa hù ní Ìkẹjà bí olú. Bàbá Mùsùlùmí tó ń ta obì ní Agége ní láti yan ọ̀nà fún ọmọ rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí ìjọba ló ń fúnni níṣẹ́, kì í ṣe ti kéwú, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kó ọmọ wọn fún Sheikh Adam mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìwé ni a fẹ́ sọ gan-an. Ní 1950, kí Markaz tó wà rárá, ni wọ́n ti gbé tírà jáde lórí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti Sheikh Uthman ibn Fodio. Ní 1965, wọ́n tẹ ìtàn Nàìjíríà ní ṣókí, Mujaz Tarikh Nayjiriya, ní ìlú Beirut. Ẹ wò ó dáadáa. Ní àkókò yẹn, òyìnbó ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ wa ń kà. Ti Yorùbá tó lókìkí jù, tó jáde ní 1921, àlùfáà ìjọ Kírísítẹ́nì ni Samuel Johnson tó kọ ọ́. Ó ṣe iṣẹ́ ńlá, a kì í fi ọ̀tá gbà á. Ṣùgbọ́n ibi tí òun dúró sí wo ìlú ni ó ti kọ̀wé. Sheikh Adam dúró sí ibòmíràn. Wọ́n wà lára àwọn tó gbà pé ìlẹ̀ Mali ni ọ̀rọ̀ Ìmàle tí a fi ń pe ẹ̀sìn wa ti wá, pé ẹ̀sìn náà ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ogun jíhádì tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Hausa. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, kí ará Káírò àti ará Beirut lè mọ̀ pé àwọn onímọ̀ wà níhìn-ín.

Tírà wọn kan wà tí a ka sí olórí gbogbo rẹ̀, Misbah al-Dirasat al-Adabiyya, tó jáde ní 1967. Ìtàn ewì àti ìwé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fi èdè Lárúbáwá kọ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n pín in sí ìgbà márùn-ún, láti ìgbà Borno àti ti àwọn Wangara, dé ìgbà Al-Maghili, dé ti àwọn Fúlàní, títí dé ìgbà tí òyìnbó gba ìjọba. Lẹ́yìn náà ni Lamahat al-Ballur, tó sọ nípa àwọn gbajúmọ̀ àlùfáà Ìlọrin, àti Nasim al-Saba, tó sọ nípa àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbi yìí. Ta ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀? Àfáà tó kọ ewì sínú bébà kan, tó fún ọmọ-kéwú rẹ̀, tí ọmọ-kéwú náà dà á kọ fún ẹlòmíràn. Kò sí ilé-ìtẹ̀wé tó mọ̀ ọ́n, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó fún un ní ẹ̀bùn. Bí ilé bá jó tàbí bí ikán bá wọ àpótí, ó tán. Sheikh Adam ń wá orúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kiri, wọ́n ń bi ọmọ wọn léèrè, wọ́n ń kọ ọdún tí wọ́n kú sílẹ̀. Kí Íjíbítì tó dá òǹkọ̀wé Agége lọ́lá, òǹkọ̀wé Agége ti ń dá àwọn tirẹ̀ lọ́lá ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú.

Ìwé kíkọ ní tirẹ̀, ìwé títẹ̀ ní tirẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá kì í dúró sójú kan. Ọ̀tọ̀ ni bí lẹ́tà ṣe rí tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni tó bá wà láàárín, ọ̀tọ̀ ni tó bá parí rẹ̀. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi òjé to lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé Lárúbáwá nílò lẹ́tà tó pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tírà àwọn àfáà wa fi jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, tí ìtẹ̀wé sì kàn ń mú àwòrán ọwọ́ náà sórí bébà. Sheikh Adam ní ilé-ìtẹ̀wé tiwọn ní Agége, tó ń jẹ́ Al-Thaqafa al-Islamiyya, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọn sì ti jáde.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni òpópónà Ọba Àkràn ní Ìkẹjà, níbi tí Longman, tó ń jẹ́ Learn Africa báyìí, fi ṣe ibùjókòó. Ìwé ilé-ìwé ni ọjà irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá fọwọ́ sí ìwé kan, ọmọ ilé-ìwé lọ́pọ̀ yanturu yóò rà á. Ta ni yóò ra ìwé ewì Lárúbáwá ìgbà láéláé? Ọgbọ́n tí Sheikh Adam dá wà nínú Markaz fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ló di òǹkàwé. Wọ́n jáde, wọ́n dá ilé-kéwú tiwọn sílẹ̀ ní ìlú wọn, wọ́n sì ń fi tírà olùkọ́ wọn kọ́ àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Agége. Àwọn tó ń ka ìwé Sheikh Adam sọ pé, ńlá àti kékeré, ó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ní ti ẹ̀bùn ìwé nílẹ̀ Áfíríkà, èyí tó lórúkọ jù láyé wọn ni Noma, tí Shoichi Noma, òǹtẹ̀wé ará Japan, dá sílẹ̀ ní 1979. Mùsùlùmí ni ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ní 1980, obìnrin ni, Mariama Bâ ti ilẹ̀ Senegal, èdè Faransé ló sì fi kọ̀wé rẹ̀. Ní 2009 ni Noma dópin. Ẹ̀bùn ńlá ti Nàìjíríà tí ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG ń fúnni bẹ̀rẹ̀ ní 2004, lẹ́yìn ikú Sheikh. Ìtàn àròsọ, ewì, eré orí ìtàgé àti ìwé ọmọdé ni wọ́n ń yí ká. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tó ti gbà á. Ìwé Yorùbá kò tíì gbà á, ká má tilẹ̀ sọ ti Lárúbáwá.

Àwa náà ní tiwa láàárín ìjọ. A máa ń ṣe ìkójáde ìwé, a máa ń ṣe wólíímọ̀. A ń ra ànkárá, a ń pa màlúù. Alága á fi owó gọbọi ra ẹ̀dà kan lójú àwùjọ, kámẹ́rà á yà á, páálí ìwé á padà sílé òǹkọ̀wé pẹ̀lú okùn rẹ̀ lọ́rùn. Kò burú kí a ṣe àríyá. Ṣùgbọ́n a ti rí páálí bẹ́ẹ̀ tó pọ̀.

Iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ Sheikh Adam. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn Ìmáàmù àti Àlùfáà ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ń ṣe tàfúsírì lóṣù Ramadan, wọ́n sì ń jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rò pé ó ṣì ọ̀nà. Ẹnu wọn mú, bẹ́ẹ̀ náà ni kálàmù wọn. Àwọn ìwé èsì tí wọ́n kọ sí àwọn tó ta kò wọ́n wà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rọrùn kà lónìí.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1992, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn àmì-ẹ̀yẹ náà. Ọmọ wọn, Sheikh Habibullah, ló wá di mùdíírì Markaz. Ní yunifásítì Ìbàdàn, Ìlọrin àti LASU, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìwé ìwádìí lórí iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú tírà náà kò tíì sí ní èdè Yorùbá, nítorí náà ẹni tó sọ nípa bàbá àgbà rẹ̀ nínú Lamahat lè má mọ̀ rárá pé orúkọ bàbá náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ewì tó kọ kí òyìnbó tó gba Ìlọrin.