Ṣéù Muhammad al-Kishnawi, Ọ̀gá nínú Títo Nọ́ńbà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọ̀tọ̀ ni kéwú, ọ̀tọ̀ ni ìṣirò. Ìtàn Ṣéù Muhammad ibn Muhammad al-Fullani al-Kishnawi fi hàn wá pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Fúlàní ni onímímọ̀ yìí, ará Katsina ní òkè Ọya. Katsina náà ni wọ́n fi ń pè é ní al-Kishnawi. Ó lọ ṣe Hájì ní Mẹ́kà, ó sì gbé ní Káírò. Ní 1732, ó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá lórí bí a ti ń to nọ́ńbà sínú àtẹ tí ìlà rẹ̀ ní ilé 3, 5, 7, tàbí iye mìíràn tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba.

Irú àtẹ wo nìyí? Ẹ ya ilé 9, mẹ́ta lóòró, mẹ́ta níbùú. Ẹ to 1 dé 9 sí i, kí àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, lóòró, níbùú àti láti igun dé igun, jẹ́ 15. Ọ̀nà 362,880 ni a lè gbà tò wọ́n. 8 péré ló tọ̀nà. Ẹni tó bá ń dán an wò láìní òfin yóò pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òfin kúkúrú tí àwọn onímọ̀ ìṣirò yìí ń lò nìyí. Ẹ fi 1 sí àárín ìlà òkè. Fún nọ́ńbà tó kàn, ẹ gun òkè lọ sí ilé apá ọ̀tún. Bí ẹ bá yọ lókè, ẹ wọlé láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá yọ lọ́tùn-ún, ẹ wọlé láti òsì. Bí nọ́ńbà bá ti wà nínú ilé náà, ẹ bọ́ sí ilé tó wà lábẹ́ ibi tí ẹ wà. Ìlà òkè yóò di 8, 1, 6. Ti àárín, 3, 5, 7. Ti ìsàlẹ̀, 4, 9, 2. Òfin kan náà ni yóò to ilé 25, tí àròpọ̀ ìlà rẹ̀ jẹ́ 65, àti ilé 49, tí tirẹ̀ jẹ́ 175. Bí àtẹ ti ń tóbi tó, òfin kò gùn sí i. Ohun tí àwọn tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ń wá títí di òní nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ́ àtẹ ńlá.

Lóòótọ́, àwọn àfáà kan ń kọ irú àtẹ yìí sínú tírà, ìwé al-Kishnawi pàápàá sì so ó mọ́ àṣírí lẹ́tà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe kà á sí awo. Ṣùgbọ́n ìṣirò inú rẹ̀ kì í ṣe awo: ọmọ ilé kéwú ní Ìjẹ̀bú-Òde lè ro ó pọ̀ lórí wàláà rẹ̀, kí ó sì rí i fúnra rẹ̀ pé 15 ni. Ṣéù náà gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó má ṣe juwọ́ sílẹ̀.

Ó jáde láyé ní Káírò ní 1741, ní ilé Hasan al-Jabarti tí ó kọ́ ní ìmọ̀ yìí. Abd al-Rahman, ọmọ Hasan, òpìtàn Íjíbítì, ló kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ mú wàláà yín, kí ẹ to ilé 25 náà wò.